Bí Wọ́n Ṣe Ka Ẹ́ńjìnnì Mi

Dókítà eyín tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ eléré ọkọ̀ wa ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin báyìí. Àwọn tó ti ṣẹ̀ mí láyé pọ̀, mo sì lè to gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi láàárọ̀, ṣùgbọ́n òun ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Kò jà mí lólè, kò nà mí, kò sì bú mi lójú ayé. Ó kàn ka ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi bí kò ṣe yẹ kí wọ́n kà á ni. Ẹni tí kò bá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè dun ènìyàn fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó jókòó, kí ó gbọ́.

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ ìlú Jos ṣì máa ń mú débi pé ètè wa máa ń là, tí a ó sì wọ kóòtù lọ sí ibi eré ọkọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé gíga kan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ṣe akọ̀wé ní rélùweè títí ó fi kú, ìyá mi sì ń ta ẹ̀wà àti ọkà bàbà lọ́jà. Lẹ́yìn Naraguta, iléeṣẹ́ ìwakùsà kan ti la ọ̀nà ọ̀dà kan yí kòtò kùsà àtijọ́ ká. Omi ti kún kòtò náà, ó ti di adágún. Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà náà mọ́ àyàfi àwọn Fúlàní àti màlúù wọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹgbẹ́ wa máa ń fi okùn dí i lórí méjèèjì, a ó sì máa sáré yí adágún náà ká. Kì í ṣe iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn dókítà wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó kùsà, àwọn oníṣòwò, àti awakọ̀ ojú irin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rélùweè. Ọkọ̀ tí a ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé náà ni a fi ń sáré ní Sátidé.

Nítorí pé ọkọ̀ kò dọ́gba, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni a pín wọn sí, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ àti epo tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó. Èyí tí kò ju lítà kan àbọ̀ lọ wà ní Ọ̀wọ́ Kékeré. Èyí tí kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ wà ní Ọ̀wọ́ Àárín. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ń bú bí kìnnìún, wà ní Ọ̀wọ́ Ńlá. Ọ̀wọ́ Àárín ni Alága wà, kò sì sí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èmi ni mò ń fi aago ka àsìkò wọn. Ó fẹ́ràn mi nígbà náà. Á ní, “Tíṣà, ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n, ojú rẹ kì í ṣi nǹkan kà.” Inú mi a dùn. Ọmọdé kò mọ̀ pé ẹni tó ń yìn ọ́ pé o jókòó dáadáa kò fẹ́ kí o dìde ni.

Mo wá dìde. Òyìnbó kùsà kan, ọ̀rẹ́ Alága, ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ ta ọkọ̀ pupa kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Japan. Kò sí ẹni tó fẹ́ rà á. Wọ́n ní epo tó ń mu kò kéré, wọ́n ní kò sí mẹ́káníìkì tó mọ inú rẹ̀ ní gbogbo Plateau, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Mo ní kí òyìnbó náà tan ọkọ̀ ọ̀hún kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò gbọ̀n, kò hó. Ó ń kùn bí ilé oyin. Bí ó ṣe ń tẹ iná sí i, ohùn náà ń ròkè sí i, kò sì dé ibi tó ti fẹ́ dúró, títí irun apá mi fi dìde. Mo ra ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi sọ pé owó ilé ọkọ ni mo fi ra ariwo.

Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá sọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà kan àti díẹ̀. Ọ̀wọ́ Kékeré nìyẹn, kò lọ́jú pọ̀. Mo gbé aago fún ẹlòmíràn, mo kọ orúkọ mi sílẹ̀. Nínú eré oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra, mo borí. Mi ò borí bí ènìyàn ṣe ń borí. Ńṣe ni mo fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá Rélùweè ló ń ṣe ìkejì lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ kékeré, á sì ti pẹ́ tí mo ti bọ́ ìbọ̀wọ́ mi kí ó tó yọ lẹ́yìn àpáta ẹ̀gbẹ́ adágún. Mo rò pé ọwọ́ mi ló já fáfá. Mo ń rìn bí ẹni tó ti ilẹ̀ Yúróòpù dé. Kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ó yẹ kí n bi ara mi léèrè, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa yẹ ìdáhùn wọn wò lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn ìkẹta, Alága dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní òun ti wo ẹ́ńjìnnì tèmi fínnífínní. Ó ní yàrá méjì ló ní, ẹnu mẹ́ta mẹ́ta tó ń gba afẹ́fẹ́ àti epo ló sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. “Ìwé rẹ̀ ka ẹnu kan péré nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni. Èmi ti ka gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń ka eyín: mẹ́fà ni. Ẹ fi mẹ́ta sọ ohun tí ìwé wí di púpọ̀. Lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Tíṣà ń bá àwọn ọmọdé jà, àgbàlagbà ni.” Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Láti òní lọ, Ọ̀wọ́ Ńlá.”

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn pé, “Barawo!” Olè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Hausa, àwa ọmọ Jos sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gún ni jù ti Yorùbá lọ. Mo lọ sílé, mi ò jẹun.

Ní Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá bàbá mẹ́káníìkì kan ní Angwan Rukuba, ará Ọ̀yọ́ tó ti pẹ́ ní Jos débi pé Hausa ló fi ń bú irin. Mo ní kí ó tú ẹ́ńjìnnì náà fún mi. Ó ní òun kò tú irú rẹ̀ rí. Mo ní èmi náà kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní, “Tó, a jọ gọ̀ nìyẹn, ká bẹ̀rẹ̀.”

Ọjọ́ méjì ni ó fi tú u. Nígbà tí ó ṣí ìdérí yàrá àkọ́kọ́, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí mo ti rí kí n tó rí i, irin inú wọn ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ odó lọ́wọ́ obìnrin mẹ́rin. Kò sí ọmọ odó kankan níbí. Irin onígun mẹ́ta kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, nínú yàrá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín bí èèpo ẹ̀pà oníhóró méjì. Bàbá mẹ́káníìkì rọra fi ọwọ́ yí ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Onígun mẹ́ta náà yí. Ṣùgbọ́n kò yí bí táyà ṣe ń yí. Ó ń jó. Àárín rẹ̀ pàápàá ń rìn yípo, síbẹ̀ ìkángun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kúrò lára ògiri yàrá náà rárá, kódà níbi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe ń ṣí àyè sílẹ̀, tó ń fa afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kejì ń fún tirẹ̀ mọ́ra, tí ẹ̀kẹta sì ń tú tirẹ̀ jáde. Ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ariwo.

“Kai,” ni bàbá mẹ́káníìkì wí. “Ta ló ronú kan èyí?”

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń ya onígun mẹ́ta sára pátákó, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé kò ní nǹkan méjì jù igun àti ẹ̀gbẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó lè mí. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí òróró ti rin, mo ní kí ó tún un yí, kí ó tún un yí, títí ojú mi fi kún fún omijé tí kì í ṣe ti ìbínú. Mo ti di arúgbó, mo ti rí omi tó ń já láti orí àpáta, mo sì ti gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí, mo ṣì máa ń ka ọ̀sán ọjọ́ yẹn mọ́ wọn.

Ìbínú padà dé nígbà tó yá. Mo mú ẹfun, mo sàmì sára ọ̀pá náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ọ̀pá bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹnu kan, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ kan lára onígun mẹ́ta, nínú yàrá kọ̀ọ̀kan á jẹun yó. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu kejì. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ẹnu kẹta tó jẹ tirẹ̀. Ẹnu mẹ́fà wà níbẹ̀ lóòótọ́; Alága kò purọ́. Ìwé náà kò sì purọ́. Mo jókòó sórí táyà àlòkù, orí mi dàrú.

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá mi, tí ó wá wò bóyá mo ṣì wà láàyè. Ó rí ọkọ̀ tó ti di ẹran tí wọ́n kun sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. “Ariwo náà ti kú?” Mo ṣàlàyé fún un, kì í ṣe pé mo rò pé yóò yé e, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹlòmíràn sọ fún. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Ti dókítà náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀pá tirẹ̀ ń yí kí gbogbo yàrá rẹ̀ tó jẹun tán?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì, Màámi.”

“Tìrẹ?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.”

Ó pòṣé. Ẹ mọ̀ pé mudu, abọ́ irin yẹn, ni wọ́n fi ń wọn ọkà ní ọjà Jos. Mudu kò dọ́gba. Àwọn kan máa ń lu ìdí tiwọn wọnú kí ó lè gba díẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí,” ni ìyá mi wí, “bí oníbàárà bá ń jà, ṣé mudu ni mò ń wò? Àpò ni mò ń wò. Ní ìwọ̀n ìgbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ mi fi da tirẹ̀ sápò, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo da tèmi? Jẹ́ kí ọ̀pá méjèèjì yí lẹ́ẹ̀mejì. Òun jẹ yó. Ìwọ ńkọ́?”

Mo wo àmì ẹfun. Ẹnu méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin. Ìwé ka méjì, Alága ka mẹ́fà, òtítọ́ sì jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí kò sí ẹni tó pè é jẹun. Ìlọ́po méjì ohun tí ìwé wí ni. Lítà méjì àti díẹ̀. Bàbá mẹ́káníìkì pariwo, “Madalla, ẹ káre, Ìyá!” ṣùgbọ́n èmi kò pariwo, nítorí pé nǹkan méjì ló yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni pé Ọ̀wọ́ Àárín ni ibùgbé mi, ọ̀wọ́ Alága gan-an. Èkejì ni pé wọn kò purọ́ mọ́ mi pátápátá. Lóòótọ́ ni mo ti bá ọmọdé jà.

Mo kó ife ẹ̀yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò, mo gbé wọn lọ fún Bàbá Rélùweè ní ilé rẹ̀ ní Angwan Rogo. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, tiyín ni. Mi ò mọ̀ ni.” Ó wò wọ́n, ó nu ọ̀kan lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, “Èmi mọ̀. Ogún ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin, mo mọ ohun tó lágbára bí ó bá kọjá lára mi. Mo ń retí kí ìwọ náà mọ̀ ni.” Ojú tì mí ju ọjọ́ tí wọ́n pè mí ní barawo lọ.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo gbé onígun mẹ́ta náà lọ nínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Mo fi ẹfun hàn wọ́n bí a ṣe kà á. Mo wá bi Alága pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ́ńjìnnì tiyín, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jẹ́ kí ó yí kí ẹ tó kà á?”

“Méjì. Gbogbo ayé ló mọ̀.”

“Tèmi ńkọ́?”

Ó wo àmì ẹfun náà, ó sì gbé ojú kúrò. Bàbá Rélùweè wúkọ́ díẹ̀, ó ní, “Ó dà bí ẹni pé mudu méjì ni ẹ ń lò, Alága.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ojú Alága yí padà, mo sì mọ̀ pé mo ti ṣe àṣìṣe: ènìyàn kì í fi ẹ̀rín gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni tó di ẹ̀tọ́ náà mú. Ó fi ìka kan ti apẹ̀rẹ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Tíṣà, ibí kì í ṣe kíláàsì. Eyín mẹ́fà ni mo rí, mẹ́fà ni mo kà. Ọ̀rọ̀ ti parí.” Wọn kò dìbò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú eyín, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó mú ẹ̀mú sí òun lẹ́nu máa gbọ̀n fún ìbínú.

Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi sáré ní Ọ̀wọ́ Ńlá, láàárín àwọn ọkọ̀ tí ń bú bí kìnnìún. Èmi ni mò ń ṣe ìkẹyìn ní gbogbo ìgbà. Mo lè fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ó máa rí mi.

Ní eré tó kẹ́yìn ọdún, àṣà ẹgbẹ́ ni pé kí gbogbo ọ̀wọ́ jọ sáré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì ka ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí ìwé. Ọyẹ́ ti ré kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Adágún náà mọ́ bí dígí, àwòrán àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì dorí kodò nínú rẹ̀ láìfọ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá fò lọ. Lẹ́yìn ìyípo kejì, mo gbé ojú sókè, mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀ Alága níwájú mi.

Ìyípo mẹ́wàá ló kù. Níbi ọ̀nà tó gùn, tí ọgbà igi oró ẹlẹ́gùn-ún tò sí, ohùn ẹ́ńjìnnì mi á ròkè, á ròkè, màá sì bá a dé ẹ̀gbẹ́. Níbi kọ́nà lábẹ́ àpáta, òun á gba ọ̀dọ̀ inú, á sì padà síwájú. Mo kórìíra ọkùnrin náà. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ lónìí: n kò rí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà bí i tirẹ̀ rí. Ó máa ń wọ kọ́nà náà bí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ gé ọ̀sàn, kò sì jẹ́ kí táyà rẹ̀ ké. Fún ìyípo mẹ́wàá, mi ò rántí ìbínú. Ọkọ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì méjì tí kò jọra rárá, ọ̀kan ń gún bí odó, ọ̀kan ń yí bí ayé, wọ́n sì dọ́gba. Ohun tí ìyá mi fi ojú inú rí ní ọgbà mẹ́káníìkì ló ń ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, lórí ọ̀dà, nínú oòrùn. A jọ kọjá lórí ìlà ni. Ọkọ̀ Bàbá Rélùweè ti kú ní ìyípo kẹta, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà gan-an. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè papọ̀, ó ń kígbe, “Ọgbọọgba! Ọgbọọgba ni o!”

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n lẹ ìwé èsì mọ́ ara ògiri. Alága: àkọ́kọ́, Ọ̀wọ́ Àárín. Èmi: ìkẹyìn, Ọ̀wọ́ Ńlá. Ó fọwọ́ sí i. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ rẹ̀, kò wò mí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, omi òjò gé ọ̀nà adágún náà, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe. Ẹgbẹ́ náà tú ká. A kò tún sáré mọ́.

Mo ta ọkọ̀ náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n n kò ta onígun mẹ́ta kan tí bàbá mẹ́káníìkì pààrọ̀ fún mi nígbà tí ó gbó. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Òun ni mo fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń gbé e, wọ́n á ní, “Màámá, mene ne wannan?” ìyẹn ni pé kí ni èyí, nítorí pé Hausa ló yá lẹ́nu wọn, màá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ débi pé ìyá wọn bẹ̀ mí pé kí n dárí ji bàbá náà kí gbogbo wọn lè sinmi.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọmọ Alága pè mí lórí fóònù. Ó ní bàbá àwọn ti dùbúlẹ̀, ó ń béèrè Tíṣà. Mo kọ́kọ́ ní mi ò lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọ kóòtù mi, mo fi irin náà sínú àpò, mo lọ. Dókítà eyín kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Mo gbé irin náà lé àyà rẹ̀, lórí aṣọ ìbora. Ó fi ìka tẹ igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, bí ẹni tó ń wá èyí tó ń mì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo ní láti tẹ̀ sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́ ohun tó sọ.

“Tíṣà, ìlọ́po méjì ni. Òyìnbó yẹn ti yí ọ̀pá rẹ̀ hàn mí kí ó tó tà á fún ọ, mo sì kà á lọ́jọ́ náà: méjì ni. Ẹ̀rù rẹ ni mo fi kún un, ni ó fi di mẹ́ta.”